Orí Keje: Fífi Tọ́bò sí Golf 3 GTI

Ẹ mú nọ́ḿbà kan sọ́kàn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀: agbára ẹṣin 165. Ibẹ̀ ni orí yìí máa gbé Golf 3 GTI yín dé, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì onífáàfù mẹ́jọ tó bá ọkọ̀ náà wá láti Jámánì ń mú 115 jáde, àádọ́ta péré la fẹ́ fi lé e. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan á ti máa yọ ṣùtì, torí wọ́n ti rí fídíò Golf tó ń mú 400 jáde. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Orí tírélà ni wọ́n ń gbé e lọ sí pápá eré, orí tírélà náà ni wọ́n sì sábà máa ń gbé e padà sílé. Ọkọ̀ tí ìwé yìí ń bá wí ni èyí tó máa gbé yín lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè ká mọ́ orí afárá Third Mainland ní ọ̀sán gangan, tí kò sì ní dójú tì yín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Golf 3? Ó pọ̀ nílẹ̀ ni. Ọdún 1991 ló jáde ní Yúróòpù, nígbà tó sì di tòkúńbọ̀, ó gba àdúgbò kan. Mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì wọ́n ní ọjà Ládipọ̀ ní Èkó. Ìdí kejì ni pé GTI ìran kẹta yìí nílò ìrànlọ́wọ́. Golf GTI àkọ́kọ́, ti ọdún 1976, ní agbára ẹṣin 110 lára ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 810 kílò lọ. Ti Golf 3 fi márùn-ún péré ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti wúwo kọjá 1,000 kílò. Renault 5 GT Turbo tó jáde ní 1985 fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lítà 1.4, tó ṣì ń lo kábúrétọ̀, mú 115 kan náà jáde, ó sì fúyẹ́ ju Golf lọ fíìfíì. Tọ́bò ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Renault yẹn náà ló fi ìyà tọ́bò han àwọn tó rà á. Bí wọ́n bá sá eré dáadáa, tí wọ́n pa ọkọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ ṣíná sí i padà láìpẹ́, ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á ti da epo inú kábúrétọ̀ láàmú, ọkọ̀ á kọ̀ jálẹ̀. Ooru yẹn ni ọ̀tá wa nínú gbogbo orí yìí. Tọ́bò fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti rà, kò sì ṣòro láti so mọ́ra. Owó àti làákàyè yín, ọ̀dọ̀ ooru ni kí ẹ kó wọn lọ.

Bí ooru ṣe ń wọlé

Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú tọ́bò. Ọ̀pá kan ló so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ èkejì, èkejì sì ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó ń kì í wọ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sí i ń jó epo tó pọ̀ sí i, agbára sì yọ. Bí búùsìtì (ìfúnpá tí tọ́bò fi kún afẹ́fẹ́) bá jẹ́ 0.5 bar, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni 165 wa ti wá.

Afẹ́fẹ́ tí a bá kì mọ́ra á gbóná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sán Èkó tí ojú ọjọ́ wà ní 33°C. Tọ́bò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa á gbé afẹ́fẹ́ náà dé nǹkan bí 87°C bí búùsìtì bá wà ní 0.5 bar. Ẹ gbé e sí 0.8, ó di nǹkan bí 113°C. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, nítorí náà apá kan èrè yín ti sọnù kí ó tó dé sìlíńdà. Èyí tó burú jù ni ìbúgbàù àìtọ́jọ́. Plọ́ọ̀gì á tan iná, kí iná náà tó jó dé ìkángun sìlíńdà, epo tó kù á ti fúnra rẹ̀ bú gbàù. Ẹ óò gbọ́ ọ bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Kì í pẹ́ rárá kí ariwo yẹn tó ṣẹ́ etí tí ríìngì jókòó sí lára písítìn, ẹ́ńjìnnì tó bá sì dé bẹ́ẹ̀ ti kú.

Ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹnìkan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá bí ó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Kí nọ́ḿbà ga dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n súnmọ́ra ló ṣe pàtàkì jù. Bí mẹ́ta bá wà ní 12 bar tí ọ̀kan sì wà ní 9, ẹ má tíì dárúkọ tọ́bò. Bí èéfín búlúù bá ń jáde nídìí ọkọ̀, ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe ná tàbí kí ẹ wá òmíràn, torí ọ́ìlì tó ń wọ sìlíńdà máa ń ti ìbúgbàù àìtọ́jọ́ lẹ́yìn.

Lórí rédíétọ̀, mo ní ẹjọ́ kan bá àwọn mẹkáníìkì wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ilẹ̀ wa gbóná, pé tẹ́mósítáàtì kò wúlò níbí. Wọ́n á yọ ọ́ sọnù, wọ́n á sì ní kí rìwáyà so fáànù ní tààrà kí ó máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣíná. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mósítáàtì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) á máa rò pé àárọ̀ kùtù ni, á máa da epo sí i ní àdàjù. Gbogbo àtúnṣe epo tí a máa sọ níwájú, asán ni bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dá tẹ́mósítáàtì padà. Ẹ fọ rédíétọ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rọ kúláǹtì sí i, ẹ yé rọ omi ẹ̀rọ.

Ìwọ̀n kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n (ìlọ́po tí písítìn ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ra) tí wọ́n fi sí ẹ́ńjìnnì yìí láti ilé-iṣẹ́ ga fún tọ́bò: 10 sí 1 ni èyí tó wà lára ti Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn tí wọ́n bá tọ́bò wáyé sábà máa ń wà láàárín 8 àti 9.5. Ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà dín in kù ni gásíkẹ́ẹ̀tì onírin tó nípọn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, èyí tó lè sọ ọ́ kalẹ̀ dé nǹkan bí 8.5. Àwọn kan ń gbé gásíkẹ́ẹ̀tì méjì léra láti fi owó pamọ́. Èmi ò ní bá yín dá a lábàá. Bí ẹ bá ti ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, bóòtù tuntun ni kí ẹ fi dì í padà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo bóòtù orí ẹ́ńjìnnì yìí.

Tọ́bò kékeré

Tọ́bò ńlá á jẹ́ kí ẹ máa retí agbára títí ẹ́ńjìnnì á fi yí dé ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Kékeré á ti dé kí ẹ tó kan 2,500. Lójú títì wa, níbi tí kòtò tàbí gegele á ti dá yín dúró kí ẹ tó tẹ gíà kẹta, agbára tó tètè dé nìkan ni ẹ máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Garrett T25 tàbí T3 kékeré, irú èyí tó wà lára Saab 900 Turbo, ti tó.

Bí ẹ bá ń ra tòkúńbọ̀, ẹ fi ìka mú ṣóńṣó ọ̀pá àárín rẹ̀. Ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn: kò gbọdọ̀ rìn. Ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì: ó lè mì díẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ara ilé rẹ̀. Ẹ tan iná wo etí abẹ̀bẹ̀ bóyá nǹkan ti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta tọ́bò bọ́ọ̀sì onídísẹ̀lì fún yín nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Èéfín bẹntiróòlù gbóná ju ti dísẹ̀lì lọ, àwọn ewé kéékèèké tó ń ṣí tó ń pa nínú tọ́bò dísẹ̀lì ìgbàlódé kò sì lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ mọ́ra fún ìgbà pípẹ́.

Mànífóòdù tí wọ́n fi irin yíyọ́ dà wúwo, kò sì rẹwà, òun ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ̀dì máa ń là bí ó bá ti ń gbóná, tó ń tutù lemọ́lemọ́. Ẹ tún kíyè sí i pé lára Golf 3 kan, ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ọ̀nà èéfín jọ wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Lára àwọn mìíràn, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, èéfín ń gba ẹ̀yìn jáde. Bí ẹ bá lè yàn, irú kejì ni kí ẹ yàn, kí èéfín má baà máa yan afẹ́fẹ́ tí ẹ náwó láti mú tutù.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà wa ni ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà kúrò nínú tọ́bò. Pọ́ọ̀ǹpù ló ń fi ipá ti ọ́ìlì wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń tì í jáde, fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn. Nítorí náà, họ́ọ̀sì tó ń gbé e padà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí inú rẹ̀ tó mílímítà 15. Kí ó sọ̀kalẹ̀ tààrà láìká kò, kí ẹnu rẹ̀ sì wọ sọ́ọ̀ǹpù lókè ibi tí ọ́ìlì ń kún dé. Bí wọ́n bá lu ihò náà sísàlẹ̀ jù, ọ́ìlì kò ní rí ọ̀nà lọ. Á gba ṣíìlì tọ́bò jáde, èéfín á bo àdúgbò, wọ́n á sì ní tọ́bò tí ẹ rà ni kò dára, kí ẹ lọ ra òmíràn. Mo ti rí ẹni tó ra ẹ̀kẹta kí ẹnikẹ́ni tó wo họ́ọ̀sì.

Ìntakúlà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi sí iwájú ọkọ̀ kí àwọn ọmọ lè pariwo. Èyí tó dára díẹ̀ á gba nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tí tọ́bò fi kún afẹ́fẹ́, 87°C tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan á sì padà sí nǹkan bí 49. Ẹ fi síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bá a, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó bo rédíétọ̀ tán. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú tó ń wọn afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ tọ́bò, fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà sínú páìpù. Bréènì bọ́ọ̀sì ti ka afẹ́fẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jáde síta, á da epo fún afẹ́fẹ́ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ariwo “ṣíììì” yẹn, ẹ forí jì mí.

Epo àti bréènì bọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá máa fi owó ṣeré níbikíbi, kò gbọdọ̀ jẹ́ níbí. Ẹ́ńjìnnì tí tọ́bò rẹ̀ dára tí epo rẹ̀ kò tó kì í lo oṣù kan.

Fún agbára ẹṣin 165, ẹ nílò nọ́sù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè tú nǹkan bí 325 cc epo jáde ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n má baà máa ṣiṣẹ́ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára wọn lọ. Ti ilé-iṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo, ẹ má dúró kí ó kú, torí èyí tó ti lo ogún ọdún nínú táńkì kò lè mọ̀ pé ẹ ti fi ẹrù kún ẹrù. Rẹ́gúlétọ̀ epo gbọ́dọ̀ ní họ́ọ̀sì tó so ó mọ́ mànífóòdù afẹ́fẹ́, kí ìfúnpá epo lè máa gòkè bí búùsìtì ṣe ń gòkè.

Láyé àtijọ́, rẹ́gúlétọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ohun èlò tọ́bò, tó máa ń gbé ìfúnpá epo sókè fíofío nígbà tí búùsìtì bá dé, kí ẹ má baà fọwọ́ kan bréènì bọ́ọ̀sì. Ẹ ṣì lè rí i rà. Ẹ fi sílẹ̀. Epo lè tó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fa àkókò iná (ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń tan iná) sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni àkókò iná ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Òfin tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé fún gbogbo 0.07 bar tí ẹ bá fi kún un, ẹ fa iná sẹ́yìn ní dígírì kan. Ní 0.5 bar, ó tó dígírì méje. Bréènì bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ búùsìtì, kò lè ṣe é fún yín.

Ohun tí mo fọwọ́ sí ni bréènì bọ́ọ̀sì tí ẹ lè kọ máàpù (àtẹ epo àti àkókò iná) sí fúnra yín. Megasquirt, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn kí àwọn tí kò lówó lè máa so ó pọ̀ nílé, ti wà lára ọ̀pọ̀ Golf. Ó ń ka ìfúnpá inú mànífóòdù, kò nílò ohun ìwọn afẹ́fẹ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún rìwáyà tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ wá ẹni tó ní dáínò (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀), kí ẹ sì fi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn oníwọ̀n gbígbòòrò sí ẹ́ksọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ, kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo wà nítòsí 14.7 sí 1. Nígbà tí búùsìtì bá dé, kí ó wà láàárín 11.5 àti 12. Bí ó bá kọjá 12.5 lábẹ́ búùsìtì, ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Plọ́ọ̀gì tó fi ìpele kan tutù ju ti ilé-iṣẹ́ lọ ni kí ẹ lò, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ má ju mílímítà 0.7 lọ.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ wá kù. Nọ́ḿbà ọ́ktéènì (bí epo ṣe ń kọ ìbúgbàù àìtọ́jọ́ tó) tí wọ́n kọ sára pọ́ọ̀ǹpù ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí irú èyí tí wọ́n ń lò ní Britain. 93 ti Amẹ́ríkà jẹ́ ẹgbẹ́ 97 tàbí 98 ti Britain, 87 ti Amẹ́ríkà sì sún mọ́ 91. Ní ilé epo wa ní Nàìjíríà, oríṣìí kan ṣoṣo ni ẹ sábà máa bá, ìtòsí 91 yẹn náà ló sì wà. Nítorí náà, máàpù tí ẹ̀gbọ́n yín fi ń sáré ní Houston, bí ẹ bá gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé e sí ọkọ̀ yín ní Ìbàdàn bó ṣe wà, ẹ ti sin ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ kò bá dín kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n kù, ẹ má kọjá 0.35 bar nílé. Agbára á dín, bóyá 145 tàbí 150. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Iwájú ló ń fa, iwájú ló ń darí

Táyà iwájú méjì ló ń fa ọkọ̀ yìí, àwọn náà ló ń darí rẹ̀, àwọn náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gidi, ìwúwo á sún sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà á máa yí lásán. Ṣáàfùtù ọ̀tún àti tòsì kò gùn dọ́gba, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń mú kí sitiárìn máa fà mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí búùsìtì bá dé lójijì. Nígbà tí Ford fẹ́ fi agbára ẹṣin 305 sí Focus RS ọdún 2009 kí iwájú nìkan máa fà á, wọ́n ní láti ṣe ìdúró táyà iwájú àrà ọ̀tọ̀, wọ́n sì tún fi dífúrẹ́ńsà Quaife kún un. Golf 3 yín kò ní ìkankan nínú méjèèjì, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi dúró sí 165.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí búṣì apá ìsàlẹ̀ àti ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Owó kékeré ni, wọ́n sì ń gba sitiárìn sílẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Táyà 195/50 R15 tó jẹ́ ojúlówó tuntun dára ju tòkúńbọ̀ 17 tó ti gan lọ. Gíà 020 tó wà lára onífáàfù mẹ́jọ ní àléébù kan tí gbogbo ayé mọ̀: rífẹ́ẹ̀tì inú dífúrẹ́ńsà rẹ̀ máa ń já, á sì lu ilé gíà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bóòtù rọ́pò wọn nígbà tí gíà bá ti wà nílẹ̀ fún kílọ́ọ̀ṣì tuntun. Gíà 02A ti VR6 lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n láti gbé e wọlé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Bíréèkì VR6 náà dára, díìsì mílímítà 280 ni, àmọ́ bóòtù táyà márùn-ún ló ń lò, mẹ́rin ni ti yín, ẹ óò pààrọ̀ họ́ọ̀bù pẹ̀lú rẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ ra páàdì gidi, ẹ pààrọ̀ omi bíréèkì, ẹ sì rántí pé họ́ọ̀sì bíréèkì tó ń kọjá nítòsí tọ́bò nílò irin tí yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ooru.

Lẹ́yìn tó bá ti ń rìn

Ọ́ìlì onísíńtẹ́tíìkì 5W-40 tàbí 10W-40, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Bí ẹ bá ti sáré dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra yí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì má baà jóná mọ́ ọ̀pá tọ́bò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo kíláǹpù họ́ọ̀sì dì.

Ní Britain, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò pé ẹ ti fi tọ́bò sí ọkọ̀. Bí ẹ bá fi pa mọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá dé. Ní Kalifọ́níà, ohun èlò tọ́bò tí kò ní nọ́ḿbà àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò ní yege nínú àyẹ̀wò èéfín.

Bí ẹ bá ti ní Golf 3 tí ara rẹ̀ le, tí ẹ sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, ẹ máa bá a lọ. Bí ẹ kò bá tíì rà á, Golf 4 GTI 1.8T ni kí ẹ lọ wá. Agbára ẹṣin 150 ló bá wá láti ilé-iṣẹ́, tọ́bò, ìntakúlà àti bréènì bọ́ọ̀sì tó mọ búùsìtì ti wà nínú rẹ̀, máàpù tuntun nìkan sì lè gbé e dé nǹkan bí 190 níbi tí bẹntiróòlù bá ti dára. Owó rẹ̀ á kéré sí gbogbo èyí tí a kà sókè yìí.